Kẹ̀kẹ́ Oníkùràn Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ìdílé Rà Á?

Láti ìgbà tí ẹ ti ń rí wa lórí kẹ̀kẹ́ kan tí táyà rẹ̀ nípọn ju ti alùpùpù lọ, tí kò pariwo, tí kò sì mu ẹ̀sáńsì, kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí a jáde ní Mísà tí ẹnìkan kò dá wa dúró. Èló ni wọ́n ń tà á? Ṣé kò ní gbiná? Ṣé ó lè dé Pobè? Àwọn ọmọdé tilẹ̀ ti sọ ọ́ ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ erin. Nítorí pé a kò lè dá gbogbo yín lóhùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a rò pé ó dára kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀, kí olúkúlùkù lè kà á ní ilé rẹ̀.

Àwa kọ́ ni a rà á. Ọmọ ìjọ wa kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ni ó fi ránṣẹ́ sí Fadá wa. Fadá sì gbé e lé wa lọ́wọ́ pé kí a gùn ún dáadáa, kí a má ṣe tọ́jú rẹ̀ bí aṣọ ọdún, nítorí ìgbìmọ̀ ìjọ fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí a ra mélòó kan sí i, fún àwa katikísì tí ń lọ sí àwọn abúlé, àti fún àwọn ìdílé tí ó bá fẹ́ san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú èésú. A gùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá títí dé òpin oṣù kẹfà. Ọyẹ́ fẹ́ lù wá lórí rẹ̀, oòrùn pa wá, òjò sì pa wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré ni èyí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó ni bàbá kan, àgbẹ̀ ni, tí ọmọbìnrin rẹ̀ wọ kọlẹ́ẹ̀jì. Láti ilé wọn dé kọlẹ́ẹ̀jì jẹ́ kìlómítà 9. Ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó ń jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, nígbà tí ó bá sì padà dé ní ìrọ̀lẹ́, oorun ni ojú rẹ̀ ń wá, kì í ṣe ìwé. Ọ̀nà kejì tí àwọn òbí mọ̀ ni pé kí wọ́n gba yàrá fún ọmọ ní ìlú, kí ó máa dá gbé, kí ó máa dá se oúnjẹ, kí wọ́n máa fi gàrí àti àgbàdo ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ ọjà. Ẹ̀yin náà mọ bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti ń parí nígbà púpọ̀. Àwa tí a ń kọ́ wọn ní katekísímù mọ àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Ìfìdímúlẹ̀ pẹ̀lú wa, tí a kò sì rí wọn mọ́ kí ó tó di Pẹ́ńtíkọ́sì, tí a wá gbọ́ pé wọ́n ti lóyún, tí ẹni tí ó fún wọn lóyún sì ti kọjá sí Nàìjíríà. Bàbá yìí wá bá wa, ó ní, “Katikísì, bí mo bá ta àgbàdo ọdún yìí, tí mo sì gba èésú mi lé e, ṣé kẹ̀kẹ́ yín yìí lè máa gbé ọmọ mi lọ kí ó sì máa gbé e bọ̀ wá sùn nílé?” Ìbéèrè rẹ̀ ni a gbé sórí kẹ̀kẹ́ ní gbogbo oṣù méje náà.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó jẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe alùpùpù. Ó ní pẹ́dà àti ṣéènì bí kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ohun tí ó fi yàtọ̀ ni mọ́tò kékeré kan tí a sé mọ́ àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé, àti bátìrì gígùn kan tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì mọ́ ara irin rẹ̀. Bí ẹni tí ó gùn ún bá ń yí pẹ́dà, mọ́tò a máa bá a yí i. Bí ó bá dá ẹsẹ̀ dúró, mọ́tò náà a dá dúró. Ní ilẹ̀ Faransé àti ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ni pé agbára mọ́tò irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ, àti pé kò gbọdọ̀ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ bí eré rẹ̀ bá ti dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, alùpùpù ni wọ́n kà á sí, tí ó nílò nọ́ńbà àti ìwé. A sọ èyí nítorí pé ẹ ó rí àwọn mìíràn tí olùtajà ń yìn pé kò nílò kí ẹ yí pẹ́dà rárá. Ẹ mọ̀ pé ohun mìíràn ni wọ́n ń tà fún yín, kí ẹ sì ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ní ti táyà ńlá náà, kì í ṣe nítorí ọ̀nà wa ni a fi ṣe é. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lórí yìnyín ní Alaska, àti àwọn tí ń gùn ún nínú yanrìn ní New Mexico, ni ó wá irú táyà tí kò ní rì. Ní ọdún 2005, ilé iṣẹ́ Surly ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n ń pè ní Pugsley, ìgbà náà ni ó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ilé ìtajà. Nígbà tí ó yá, a fi mọ́tò àti bátìrì sí i, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti 2019 ni wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní iye tí kò tó dọ́là 1.000. Yanrìn New Mexico àti yanrìn ọ̀nà oko wa jọ ara wọn, a kò lè sẹ́ èyí. Níbi tí kẹ̀kẹ́ lásán ti máa ń rì, tí a ó sọ̀kalẹ̀, tí a ó máa tì í, ẹlẹ́sẹ̀ erin ń kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó mú kí ó máa kọjá. Atẹ́gùn inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Táyà kẹ̀kẹ́ lásán ń fẹ́ atẹ́gùn tí ó tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìwọ̀n tí àwọn Faransé ń pè ní bar. Èyí kò fẹ́ ju ọ̀kan àti díẹ̀ lọ ní ojú ọ̀dà, nínú yanrìn kò tilẹ̀ fẹ́ tó ọ̀kan. Àwọn ọmọkùnrin tí ń fẹ́ táyà lẹ́bàá ọ̀nà kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ó ti rọ̀, kí o tó yíjú padà wọ́n ti fẹ́ ẹ títí ó fi le bí òkúta, kẹ̀kẹ́ náà á sì máa fò bí àgbò ọdún Iléyá tí ó já okùn. A ra pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ kan tí ó ní ojú ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ tí kò ra pọ́ǹpù yìí, kò tíì ra nǹkan kan.

Táyà ńlá kò bẹ̀rù ìyanrìn, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù ilẹ̀ dúdú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ní ìhà Pobè àti Issaba, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a ń pè ní Lama, ẹ mọ amọ̀ ibẹ̀ nígbà òjò. Ọ̀rọ̀ Potogí ni Lama, ẹrẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ní oṣù karùn-ún a bá Fadá lọ sí ìhà náà. Ẹrẹ̀ wọ àárín táyà àti irin tí ń dá omi dúró lókè rẹ̀, ó kún ibẹ̀ pinpin, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò yí mọ́, mọ́tò ń kùn bí oyin. A fi igi họ ọ́, a gùn ún ní ìṣísẹ̀ ogún, ó tún dí. Níkẹyìn a tú irin náà kúrò, kẹ̀kẹ́ sì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀wù funfun tí a fẹ́ fi ka Ìwé Mímọ́ di ẹ̀wù alámọ̀ láti ẹ̀yìn dé ọrùn. Kẹ̀kẹ́ lásán tí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí a lè gbé lé èjìká, sàn jù ú lọ níbẹ̀.

Gbígbé lé èjìká yìí, ẹ jẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀. A gbé e lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn òwú: kìlò 31. Àgbà ọkùnrin lè gbé e kọjá gọ́tà kan, yóò sì mí kanlẹ̀. Ọmọbìnrin kọlẹ́ẹ̀jì kò lè gbé e. Bí bátìrì bá sì kú lójú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ náà ṣì ń lọ pẹ̀lú pẹ́dà, ṣùgbọ́n ó ń lọ bí ẹni tí ń wọ́ òkú màlúù gun òkè.

Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí wà nínú bátìrì. Ìwé tí ó bá a wá sọ pé bí a bá fún un ní kùràn kún, yóò rin kìlómítà 90. A ṣe ìṣirò rẹ̀ bí àwọn olùkọ́ wa ní sẹ́mínárì ti kọ́ wa pé kí a má ṣe gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí pé a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Lára bátìrì náà a kọ fóòtì 48 àti àmúpẹ́ẹ̀rì-wákàtí 15. Ẹ sọ 48 di ìlọ́po 15, ẹ ó rí 720. Èyí ni iye wáàtì-wákàtí tí ó wà nínú rẹ̀, àpò oúnjẹ rẹ̀ ni. Olùtajà tí kò bá lè fi nọ́ńbà méjèèjì yìí hàn yín lára bátìrì, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ. A wá wo iye tí kìlómítà kan ń jẹ nínú oúnjẹ náà. Nígbà tí a fi í sí ipele karùn-ún, tí mọ́tò ń ṣe gbogbo iṣẹ́, tí ẹsẹ̀ wa kàn ń tẹ̀lé e, ó rin kìlómítà 38, ó sì kú. Nígbà tí a fi í sí ipele kejì, tí a ń yí pẹ́dà bí ẹni tí ó ní ibi tí ó ń lọ, ó rin 61. Katikísì tí ó wọn kìlò 74, pẹ̀lú àpò ìwé, ni ó wà lórí rẹ̀. A kò rí 90 rí. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó kọ ìwé náà jẹ́ ọmọdé, kí ó wà ní ojú ọ̀dà títẹ́jú, kí ìjì sì máa tì í lẹ́yìn.

Bí a bá fi 61 àti 38 sọ́kàn, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà ti ń yé wa. Lílọ 9, bíbọ̀ 9, méjìdínlógún. Bátìrì tí ó kún yóò gbé e lọ ní ọjọ́ méjì láìsí ìbẹ̀rù. Ó sì yé wa pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ àwa katikísì kò rí bẹ́ẹ̀. Abúlé tí a máa ń lọ ní ọjọ́ Ẹtì jìnnà tó kìlómítà 24, kò sí kùràn níbẹ̀, páńẹ́lì oòrùn tí ó wà níbẹ̀ kò ju ti fìtílà àti tẹlifóònù lọ. Lílọ àti bíbọ̀ di 48. Ó ń ṣe é nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí a bá ní sùúrù. Bí òjò bá rọ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, tí wọ́n sì ní kí a gba abúlé mìíràn lọ bẹ aláìsàn wò, a ó máa wo àmì bátìrì dípò kí a máa wo aláìsàn.

Ní Kútọnu àti ní Lomé, láti 2022, ẹ ti ń rí àwọn zémìjàn tí ń gun alùpùpù oníkùràn, tí wọ́n ń lọ sí ibùdó kan láti fi bátìrì tí ó ti tán sílẹ̀ kí wọ́n sì gba èyí tí ó kún. Ìlànà tí ó dára ni, ṣùgbọ́n bátìrì tiwọn kò bá kẹ̀kẹ́ yìí mu, kẹ̀kẹ́ yìí kò sì ní ibùdó kankan. Ibùdó rẹ̀ ni ògiri ilé rẹ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti iná, nítorí òun ni àwọn ìyá ń béèrè jù. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Irú bátìrì yìí, tí a ń pè ní lítíọ́ọ̀mù, bí ó bá gbiná, omi garawa kan kò lè pa á, èéfín rẹ̀ sì ń pa ènìyàn. Ní ìlú Niú Yọ́ọ̀kì, níbi tí àwọn tí ń gbé oúnjẹ káàkiri ti ń lo kẹ̀kẹ́ oníkùràn, ènìyàn 18 ni irú iná bẹ́ẹ̀ pa ní ọdún 2023 nìkan. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ìlú náà ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta èyí tí a kò tíì dán wò tí a sì fọwọ́ sí. Bátìrì tí a pọ̀ jọ lọ́nà àìtọ́, èyí tí ó ti já lulẹ̀ tàbí tí omi ti wọ̀, àti ẹ̀rọ ìgbakùràn tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó sábà máa ń fà á. Ti fóòtì 48 yìí ń fẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń fi fóòtì 54,6 jáde. Ẹ wò ó lára rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnìkan fi ẹ̀rọ tí ń gba kùràn sí bátìrì ọkọ̀ ṣe é fún yín.

Ohun tí àwa ṣe nìyí. A kì í gbà á sí i ní òru nígbà tí gbogbo ilé sùn, a kì í sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà tí a ó gbà sá jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Orí símẹ́ńtì ní ìta lábẹ́ òrùlé ni, ní ọ̀sán, tí ojú ẹnìkan wà níbẹ̀. Bí a bá ti oòrùn dé, a ń jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù kí a tó so ó mọ́ kùràn. Ẹ̀rọ tiwa ń fi àmúpẹ́ẹ̀rì mẹ́ta jáde, ó ń gbà tó wákàtí márùn-ún ààbọ̀ bí kùràn kò bá lọ. Kùràn a sì máa lọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìyá ilé wa fi òfin kan kún ti wa: kò sí ọmọ tí ó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. A kò rí èéfín, a kò rí òórùn. Ẹni tí ó ń sùn pẹ̀lú gbogbo ọmọ rẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo, tí kò ní ìta tí ó bò, tí olè kò sì ní jẹ́ kí ó gbé nǹkan sí ìta, ìmọ̀ràn wa fún un ni pé kí ó má tíì rà á.

Ṣé iná ẹ̀sáńsì ni kò ń pa wá? A gbọ́ ti ìjàǹbá Sèmè ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, níbi tí ilé kpayo kan ti gbiná tí ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí ó kú. Ìgò ẹ̀sáńsì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa púpọ̀, a ti mọ́ ọn lójú débi pé ọmọ tí ń tan fìtílà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. A kò sọ èyí láti dá iná kan láre nítorí èkejì.

Nígbà tí Ààrẹ Nàìjíríà, Bola Tinubu, sọ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti tán, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni iye kpayo fò sókè lọ́dọ̀ wa níbí, tí àwọn zémìjàn sì fi kún owó wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń wá ohun mìíràn. Alùpùpù kékeré ń mu nǹkan bí lítà méjì fún kìlómítà 100. Kẹ̀kẹ́ yìí, ní ipele kejì, ń jẹ nǹkan bí kílówáàtì-wákàtì kan àti díẹ̀ fún 100 náà. Iye kílówáàtì kan wà lórí ìwé kùràn yín, iye lítà kan ẹ ń gbọ́ ọ lẹ́bàá ọ̀nà lójoojúmọ́. Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí àní-àní pé kùràn dín kù gidigidi.

Àmọ́ owó tí ó ń jẹ kọ́ ni ó le, owó rírà ni. Yúrò 800 ni ọmọ ìjọ wa san ní Faransé, fráǹkì 524.765 nìyẹn, láìka ti ọkọ̀ òkun àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ dé 52.000 ní 2023. Oṣù mẹ́wàá iṣẹ́ láìjẹ láìmu ni kẹ̀kẹ́ kan. Kẹ̀kẹ́ àlòkù láti Yúróòpù tí kò ní mọ́tò kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Owó kejì tún wà tí olùtajà kì í dárúkọ: bátìrì a máa gbó. Lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní kùràn kún ní ìgbà 500 sí 800, kì í lè gbé ẹrù tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́, oòrùn sì ń mú kí ó tètè gbó. Bí a tilẹ̀ gbé e kalẹ̀ láìgùn, ó ń darúgbó. Wọ́n sọ fún wa ní Kútọnu pé tuntun rẹ̀ jẹ́ 190.000. Ẹni tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ lónìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi 5.000 sápamọ́ lóṣooṣù láti oṣù kìíní. Yóò pé ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ kí ó tó rí owó bátìrì, ìgbà náà sì ni yóò nílò rẹ̀. Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó ní láti jókòó ṣírò owó. Ilé ìṣọ́ yẹn ní òrùlé, bátìrì ni òrùlé èyí.

Ẹ̀gún gún táyà wa ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn tí ń lẹ táyà bẹ̀rù láti tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nítorí wáyà mọ́tò, a sì kọ́ wọn pé kò pọndandan: kí wọ́n fa ẹ̀gbẹ́ kan táyà jáde, kí wọ́n fa rọ́bà inú síta, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí rọ́bà kan fàya tí kò ṣe é lẹ̀ mọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi wá òmíràn, Kútọnu ni a ti rí i. Bíréèkì tún ń jẹ eruku ọyẹ́, a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Rọ́bà inú méjì àti bíréèkì kan nínú àpótí ilé, kí a tó gbé kẹ̀kẹ́ dé.

Ní oṣù kẹfà, Fadá gbà kí a gbé kẹ̀kẹ́ náà fún ọmọbìnrin náà fún ọjọ́ méje ilé ìwé. A lo ọ̀sán Sátidé kan láti kọ́ ọ. Ohun tí ó ṣòro fún un jù ni ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mọ́tò rẹ̀ kò mọ bí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ tó, kí pẹ́dà sáà ti yí ni ó mọ̀, á sì fò síwájú. A kọ́ ọ pé kí ọwọ́ rẹ̀ máa wà lórí bíréèkì ní gbogbo oríta, nítorí bíréèkì ń pa mọ́tò. Ní ọjọ́ kìíní ó lo ìṣẹ́jú 40, ní ọjọ́ kẹta 32. Ó ń jí ní agogo mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé ní alẹ́ Ọjọ́rú òun rí i tí ó jókòó ti ìwé, òun rò pé ara rẹ̀ kò yá.

Ìṣòro wà. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ fẹ́ gùn ún, ó sì ní láti bẹ olùdarí kọlẹ́ẹ̀jì kí ó gbà kí kẹ̀kẹ́ wọ inú ọgbà. Ó ń yọ bátìrì kúrò, ó ń gbé e wọ kíláàsì bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n. Ìró rẹ̀ fẹ́ wọ ṣéènì, ó sì ń wọ ṣòkòtò sábẹ́ aṣọ ilé ìwé báyìí, èyí tí ìyá-ìyá rẹ̀ kò tíì dárí rẹ̀ jì wá. Ìṣòro tí ó tóbi jù wá láti ọ̀dọ̀ bàbá fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún a bá a níbi tí ó ti ń fi okùn wọn ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. Àpò àgbàdo ni ó ń rò. Ìwé kẹ̀kẹ́ sọ pé ènìyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju kìlò 120 lọ, àpò àgbàdo kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100. Ẹ fi bàbá lé e. Sípóòkù yóò fọ́, mọ́tò yóò gbóná, ọmọ yóò sì padà sí agogo mẹ́rin ààbọ̀.

A bá a jókòó, a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ sí bàbá, nítorí ó dàgbà jù wá lọ. A ní, “Bàbá, bí ẹ bá ń wá ohun tí yóò máa kó àgbàdo, ẹ ra ọmọlanke. Èyí, bí ó bá gbé àgbàdo, kò ní gbé ọmọ.” Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní kí a lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé rẹ̀, kì í ṣe tòun, kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ọkùnrin má baà sọ pé ogún bàbá ni.

Èyí ni a kọ fún ìgbìmọ̀. Kí wọ́n má ṣe rà á fún àwa katikísì tí ń lọ sí abúlé tí kò ní kùràn, kẹ̀kẹ́ àlòkù tí ó dára àti owó táyà yóò tó wa. Kí wọ́n ra mẹ́ta fún ìdílé tí ọmọ wọn ń rin kìlómítà 6 sí 12 lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì, tí kùràn dé ilé wọn, tí ó ní ìta tí ó bò, kí wọ́n sì fi ọmọbìnrin ṣíwájú. Póòpù Fransísì, tí ó kú ní oṣù kẹrin 2025, kọ Laudato Si' ní 2015 láti bẹ̀ wá pé kí a tọ́jú ayé tí a jọ ń gbé, ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ sì fẹ́ kí a fi èyí ṣe ìdí. A kò takò ó. Ṣùgbọ́n nínú ìwé wa, ọmọ tí ń sùn nílé ni a kọ sí ìlà kìíní.

Bàbá náà ti san ìdákan, kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ yóò dé kí ilé ìwé tó wọlé. Ní ti àwọn ìdílé méjì yòókù, ìgbìmọ̀ ṣì ń gba orúkọ. Kẹ̀kẹ́ tí a gùn wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé Fadá ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ẹ mú ọmọ tí yóò gùn ún wá pẹ̀lú yín, kí ó wọ ṣòkòtò.